Ìgò Odo Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Àbúrò mi ni mo ń sọ ọ́ fún, òun ló ń kọ ọ́, nítorí pé èmi ò mọ̀wé. Àdéhùn wa nìyí: gbogbo ohun tí mo bá sọ ló gbọ́dọ̀ kọ, títí kan èyí tí mo bá sọ nípa òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mi ò ní fi ibi tí wọn ó ti bu ẹrẹ̀ hàn wọ́n mọ́. Ó ní òun gbà. Kí ó kọ ọ́ pé òun gbà.

Òun gbà.

Obìnrin kan ló wá láti yunifásítì. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ẹrẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìjì ńlá ń ṣe sí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí tó ń ti páìpù ìlú wọ inú ọ̀sà wa, bóyá ìjì ń gbá a lọ ni, tàbí ó kàn ń gbé e láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ó ní kí a máa kọ bí ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀ títí àkókò ìjì yóò fi kọjá: afẹ́fẹ́, òjò, òórùn, àwọ̀ omi. Mo na ọwọ́ láti gba ìwé náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi kọjá, ó gbé e fún àbúrò mi, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà. Bírò tuntun méjì ló tún fi lé e.

Èmi, bàtà rọ́bà ni wọ́n fún mi.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀ láti ojú òkun. Omi mọ́. Kò sí òórùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

A bu ẹrẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí wọn ó fi ṣe àfiwé nígbà tí ìjì bá jà tán. Ibi méjì ni. Èkínní ni oko mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ibi tí mo bá ti ń kórè, oko ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ tí omi òkun ń bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣa ìṣáwùrú níbẹ̀. Èkejì ni ẹnu odò, níbi tí páìpù ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ti yọ ẹnu síta.

Wọ́n á ti ọ̀pá oníhò bọ inú ẹrẹ̀, wọ́n á fà á yọ, ẹrẹ̀ á sì jáde nínú rẹ̀ gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó. Ti oko mi, wọ́n á gé e sí mẹ́ta, wọ́n á kó o sínú ìgò mẹ́ta. Ti òkè pátápátá ni wọ́n ń pè ní òdo, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bó ṣe jìn tó. Ti àárín ni mẹ́wàá, ti ìsàlẹ̀ ni ogún. Wọ́n á fi okùn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ọ̀kan má baà sọnù nínú wọn. Ti ẹnu odò, òkúta kì í jẹ́ kí ọ̀pá wọlé, nítorí náà ìgò kan péré ni wọ́n ń bù níbẹ̀, láti ojú ẹrẹ̀.

Èmi ni mo wà nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Tíṣà dúró lórí pákó, ó ń kọ orúkọ sára ìgò. Bó bá kọ ọ̀kan tán, Dókítà á ní, "Ẹ ṣeun, sà." Bí èmi bá fa ọ̀pá yọ, á ní, "Bàbá, ẹ rọra o." Mo gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. "Sà" ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n nílò. "Bàbá" ni wọ́n ń pe ẹni tí wọn ò fẹ́ kó ṣubú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Garawa ìṣáwùrú kan gbówó lórí lónìí, nítorí pé èmi nìkan ni mo wọ omi. Tíṣà ní òtútù ń mú òun. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó fi aṣọ ìyàwó mi bo ẹsẹ̀, ó ń kọ ọ́ pé òjò rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyàwó mi ṣí ìwé yìí, ó ní ọwọ́ Tíṣà dára. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní ó tò lọ gbọọrọ bí ebè tí àgbẹ̀ gidi kọ.

Mo ní ta ló kọ́ Tíṣà ní ebè kíkọ? Ó ní òun ò mọ̀ pé ó mọ ọ́n. Mo ní kò mọ ọ́n. Ó ní kí ló wá ń dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ, kí àbúrò mi sì kọ ọ́ kí ó má gbójú sókè. Ọmọ ọkùnrin méjì ni bàbá wa bí. Lọ́jọ́ tó mú àbúrò mi lọ sí iléèwé, ó ra bàtà fún un. Èmi náà ti wẹ̀, mo ti fi òróró para, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wa gbé ọkọ́ tuntun lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ, ọwọ́ rẹ mọ ilẹ̀." Mo rò pé ìyìn ni. Mo gbé ọkọ́ náà kiri bí ẹni gba oyè. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi ń so ẹran mọ́lẹ̀. Àbúrò mi kọ ìwé, èmi kọ ebè. Ohun tó kọ wà níbẹ̀ títí dòní. Ebè tèmi, òjò ọdún kan péré ló wó o.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí mo bá rí bírò nínú àpò rẹ̀, ó ń ta mí lójú síbẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Ó ti kọ ọ́. Ó ní ṣé ó tán. Mo ní ó tán fún òní.

Èmi akọ̀wé ni mo kọ ìlà yìí, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ọ́: bàbá wa fún èmi náà ní ọkọ́ kí ó tó fún mi ní bàtà. Mo gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, kò hù. Ti ẹ̀gbọ́n mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ga jù mí lọ. Ìdí tí mo fi lọ síléèwé nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn ẹyẹ òkun ti kúrò lójú omi, wọ́n tò sórí òrùlé gbọ̀ngàn ìlú. Afẹ́fẹ́ yí ojú padà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ní ọ̀la ni ìjì. Tíṣà ní rédíò sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ní kí ó kọ "ọ̀la" sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìjì. Kí rédíò wá gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọjọ́ méjì ló fi jà. Ó ká páànù ìdáná wa lọ, ó sì gbé ọkọ̀ ojú omi ẹnì kan wá síwájú ilé akọ́lé, ó fi ìdí rẹ̀ sókè bí ìkòkò tí wọ́n fọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó kú ní àdúgbò wa. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ti ẹrẹ̀.

Òjò pọ̀ jù fún páìpù. Ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ṣí ilẹ̀kùn ńlá, wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa lọ sínú odò bó ṣe wà, láìsẹ́ ẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn nígbà gbogbo tí òjò bá borí wọn, wọn kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni, imú wa ló ń sọ fún wa. Mo rìn dé ẹnu odò nígbà tí omi fà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń yọ̀, àkísà àti bébà wà nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ bo imú.

Mo wá lọ sí oko mi. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ pupa tuntun ni ìjì tẹ́ sórí ti àtijọ́, ó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ tí a nà lóòró. Ilẹ̀ òkè ni, ilẹ̀ oko àwọn ènìyàn tí ọ̀gbàrá wọ́ wá. Mo bù ú sọ́wọ́. Àwọ̀ ilẹ̀ bàbá wa gan-an ni. Kò rùn rárá. Ìṣáwùrú ti ń gba inú rẹ̀ yọ orí bọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Dókítà dé. Òjò ṣì ń rọ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un: dúdú lẹ́nu odò, pupa lóko mi. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Kò kọ nǹkan kan. Tíṣà wá ní òun ti kà á níbì kan pé ìgbì máa ń ha ìdọ̀tí lẹ́nu odò, á sì lọ tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀ ibòmíràn. Ìyẹn ló kọ sílẹ̀. Ohun tí àbúrò mi kà, obìnrin yìí kọ ọ́. Ohun tí èmi tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mi orí sí i.

A bu ẹrẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀: mẹ́ta lóko, ọ̀kan lẹ́nu odò. Tíṣà ń kọ orúkọ sára ìgò pẹ̀lú ìkánjú, omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Dókítà ní, "Sà, àmì ńkọ́?" Ó ní, "Nínú òjò yìí? Ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ ohun tí mo kọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń bèèrè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ibà. Mi ò lọ sómi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Wolé-wolé wá sílé pẹ̀lú ìwé. Ó kọ́kọ́ mu omi, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ló gbé wá, torí pé kì í mu omi nílé ẹnikẹ́ni. Ó ní àyẹ̀wò ti jáde. Ojú ẹrẹ̀ oko mi ló kún fún kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́. Ẹnu odò mọ́. Ìjì ti ha ìdọ̀tí lẹ́nu odò, ó ti tẹ́ ẹ sórí ìṣáwùrú mi. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀sà máa jókòó ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí kò bá sí àríyànjiyàn, wọn ó ri pátákó pupa mọ́ oko mi lọ́jọ́ kejì, kò ní sí ṣíṣà fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tó bá fẹ́ ṣa ìṣáwùrú, kí wọ́n lọ sí ẹnu odò.

Ọdún mẹ́ta. Mo ti lé ní àádọ́rin. Wolé-wolé mọ ìyẹn, ìdí tó fi mu omi nìyẹn.

Mo ní irọ́ ni. Ó ní ìwé ló sọ ọ́. Mo ní ìwé náà ò wọ inú ẹrẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo kọjá lébùúté. Tíṣà jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un, ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn bí ìjì ṣe ń gbé ìdọ̀tí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Oko mi ń kú lọ, òun ń gba àga. Kí ó kọ ìyẹn dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbé garawa kan lọ sọ́jà. Mo gbé e bọ̀ bí mo ṣe gbé e lọ. Obìnrin tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi kí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí tó mọ̀ ọ́n rìn ní òun ti gbọ́. Kò wo ojú mi.

Tíṣà wá kọ̀wé. Mo ní kí ó lọ sọ fún dókítà rẹ̀ pé kí ó gbé ẹrẹ̀ tó ní tèmi ni wá sílé mi, kí n rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ò lè rí kòkòrò àrùn." Mo ní mi ò wá kòkòrò, ẹrẹ̀ ni mo ní kí ó gbé wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Dókítà gbé e wá. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti òní bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi ohun kankan kún un.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì pálọ̀, ó to ìgò mẹ́rin lé e, ìyókù ẹrẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo wọ̀ ọ́. Ó fa ìgò kan sún mọ́ mi, ó ní ojú ẹrẹ̀ oko mi nìyí. Dúdú ni. Mo fi ìka bọ̀ ọ́, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra á. Ó rọ̀ bí ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú omi. Oko mi, ìkarahun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò sí ibi tí èèyàn á ti ra á tí kò ní ha èèyàn lọ́wọ́. Mo fa fọ́nrán àkísà kan yọ nínú ìgò náà.

Mo ní, "Èyí kì í ṣe tèmi. Ti odò ni."

Dókítà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ti òdo ni. Òdo ló wà lára ìgò."

"Odò ni mo wí."

"Òdo náà lèmi náà ń wí, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí, odò. Odò tó ń ṣàn."

Ìyàwó mi tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní ṣé àwa méjèèjì ń kọrin ni.

Mo fa ìgò tó ní ti ẹnu odò ni sọ́dọ̀ mi. Pupa. Mo ra á, ó ha mí lọ́wọ́. Mo bu díẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, mo fi ìkarahun inú rẹ̀ hàn án, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo ní, "Èyí ni tèmi. Mo mọ ọmọ mi."

Àbúrò mi dìde. Ó gbé ìgò méjèèjì lọ sójú fèrèsé, ó fi wọ́n síwájú ojú rẹ̀, ó bọ́ awò, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, "Bákan náà ni mo kọ méjèèjì."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yé mi. Lára ìgò tó jẹ́ ojú ẹrẹ̀ oko mi, Odo ló kọ. Lára ìgò ẹnu odò, Odo ló kọ. Ó yẹ kí ìlà kékeré kan wà lórí ọ̀kan níwájú, lórí èkejì lẹ́yìn. Ìyẹn ló ń jẹ́ àmì. Okùn tó so ìgò oko mi pọ̀ ti rẹ, wọ́n gé e dànù ní yàrá àyẹ̀wò. Ìgò méjì wá dúró níwájú ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó yan èyí tó bá ohun tí àwọn ìwé ti sọ pé ìjì ń ṣe mu.

Dókítà ní ojú ń ti òun, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò ní gba ìka ọwọ́ àgbàlagbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Òun á tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ gbọ́n ẹrẹ̀ lára tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ta ló ń bá wí? Mo yí ojú wò. Èmi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ń múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ níwájú ìgbìmọ̀. Mo máa dìde, mo máa kí wọn, mo máa ní: ẹ wo ọkùnrin yìí, àbúrò mi ni, wọ́n ra bàtà fún un kó lè lọ kọ́ bí wọ́n ti ń kọ Odo. Mo ní kí ó kà á fún mi. Ó kà á. Mo ní kí ó tún un kà. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe dùn lẹ́nu mi lọ, ìyẹn náà sì bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo wọ aṣọ tó dára. Gbọ̀ngàn kún. Wolé-wolé ti gbé pátákó pupa wá, ó fi ti ara ògiri. Alága ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo di ọ̀pá ìtilẹ̀ mi mú, mo fẹ́ dìde. Orúnkún mi ò tètè gbọ́.

Kí n tó dé òkè, Tíṣà ti dúró. Ó ní, "Èmi ni mo ṣi ìwé kọ. Ẹrẹ̀ ò ṣẹ̀, ìjì ò ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò ṣẹ̀." Ó gbé pátákó dúdú kékeré wá láti ilé, ó kọ Odo sí i, ó fi hàn wọ́n bí ìlà kan ṣe lè pa oko èèyàn. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun fi na àwọn ọmọ nítorí àmì, àti pé òun fúnra òun fò ó nítorí omi tó ń kán sí òun lọ́rùn. Ó ní ẹni tí kò mọ̀wé rárá ló bá òun rí i.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága ní èèyàn tó lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé òde òní. Obìnrin kan nu ojú. Èmi ṣì dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi tí mo há sórí. Alága rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín."

Mo jókòó.

Wọ́n ní pátákó ò ní gòkè títí àyẹ̀wò kejì yóò fi dé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Lọ́nà ilé, mo sọ fún ìyàwó mi pé àbúrò mi jí ọjọ́ mi gbé. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ fẹ́ kí ó jẹ́wọ́, kí àwọn èèyàn sì bínú sí i." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má purọ́ fún ara mi, pé nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, òun wo ọwọ́ mi, èmi náà ń pa á.

Mi ò rántí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àyẹ̀wò dé. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo dúró ti àwọn ìgò, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn. Ojú ẹrẹ̀ oko mi mọ́. Ẹnu odò ló burú, ó burú ju ti ìṣáájú ìjì lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ri pátákó pupa mọ́, títí ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí yóò fi ṣe ilẹ̀kùn wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgò mẹ́wàá àti ìgò ogún ti oko mi, wọn ò mọ́. Dókítà ṣí wọn fún mi. Lábẹ́ pupa tuntun yẹn, ìlà dúdú kan wà, tín-ín-rín bí ìdí ìkòkò tó jóná. Lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ gidi. Lábẹ́ ìyẹn, ìlà dúdú mìíràn. Ó ní ìjì àtijọ́ ni wọ́n, ìdọ̀tí ọdún tó ti kọjá tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ìjì òní bò ó, ìjì ọ̀la lè hú u. Mo lè máa ṣa ìṣáwùrú tó wà lójú ẹrẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ láéláé. Ó ní ẹrẹ̀ dà bí ìwé, ìjì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ojú ewé tirẹ̀ sí i.

Mo ní kí ó tún un wí.

Ó tún un wí. Ogójì ọdún, mo rò pé oko ni mo ń tẹ̀.

Nítorí náà, mo kó ọkọ́ mi kúrò lẹ́yìn ilé. Mo fi fún ẹni tó ń gbin tòmátì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Dókítà fẹ́ gba àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ lọ. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń kà á sókè kí n lè sọ bóyá ó tọ̀nà. Ó ń fo àwọn ibi tí mo ti bú Tíṣà, mo ní kí ó má fò ó. Ó kà á. Ó ka ti bàtà, ó ka ti ọkọ́. Ó wá kà á pé àbúrò mi gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, kò hù.

Mo ní mi ò sọ ìyẹn.

Dókítà wo Tíṣà. Tíṣà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí ó tún un kà. Nígbà tó tún un kà tán, mo rántí àgbàdo náà. Mo rántí pé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ilé. Ó gbin hóró jìn tó ìgbọ̀nwọ́, bí ẹni ń sìnkú. Bàbá wa dúró níbẹ̀, ó wo poro tèmi, ó wo tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ra bàtà.

Nítorí náà, ó ti ń jowú mi kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ̀. Kódà nínú owú, òun ló ṣáájú mi débẹ̀. Tirẹ̀ sì tún ní ìdí ju tèmi lọ.

Mo ní, "O gbìn ín jìn jù."

Ó ní, "Kí lẹ wí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àgbàdo. O gbìn ín jìn jù. Ìka méjì ló yẹ. O ò bi mí."

Ó ní òun ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń bèèrè.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ooru. Omi fà jìnnà. Garawa ìṣáwùrú ti padà sí iye rẹ̀ àtijọ́, obìnrin yẹn sì ti ń wo ojú mi.

Tíṣà ti jókòó síbí láti ìjẹta, ó ń padà fi àmì sí gbogbo ìwé yìí láti ojú ewé kìíní. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí Dókítà gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó. Ìlà kan ń dà sápá kan bí igi tí ìjì tì, èkejì ń dà sápá kejì. Mo bi í pé èwo ni ti odò. Ó fi hàn mí: lórí ti ẹ̀yìn, kó wó lulẹ̀. Mo ní ìyẹn náà ni? Ó ní ìyẹn náà ni.

Dókítà ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ fún ẹrẹ̀ mìíràn. A ti ṣe àdéhùn tuntun. Tíṣà ni yóò máa kọ lẹ́tà sára ìgò. Èmi ni n ó máa fi àmì ohùn sí i. Ìgò tí mi ò bá fọwọ́ sí, kò ní kúrò nínú ẹrẹ̀.

Mo ní kí ó fún mi ní bírò náà kí n dán an wò. Kò wúwo rárá. Mo rò pé yóò wúwo. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó fi sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, mo fà á.

Odò.

Ìyẹn, èmi ni. Àmì tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ. Kí ó kọ ìyẹn náà.